Kò Tòṣì Tó

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá ti rí ọkùnrin kan rí tó kí ara rẹ̀ nínú dígí, tó sì dúró kí dígí náà dá a lóhùn, àbúrò ni onítọ̀hún jẹ́ fún ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò kàn wá. Gbankọgbì ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè é lẹ́yìn, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ kékeré kan tó lè gba ẹnu rẹ̀ jáde kó má kọ́kọ́ wú. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, kò ní sọ pé kí wọ́n fún òun lómi; yóò ní, "Ẹ jẹ́ kí omi súnmọ́ ìjọba."

Ẹ̀ka tó ń rí sí pátákó ojú títì ni ó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀, ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa kọ orúkọ òun sí gbogbo pátákó tó ń júwe ọ̀nà. Lẹ́tà tirẹ̀ sì tóbi ju lẹ́tà àdúgbò lọ, débi pé àwọn àlejò ń rò pé ibi kan náà ni gbogbo ọ̀nà já sí. Awakọ̀ kan yípo fún wákàtí mẹ́ta, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ìlú yìí mà tóbi o, a ò tíì jáde nínú rẹ̀." Nígbà tí ẹjọ́ pọ̀, ìjọba ṣe ohun tí ìjọba máa ń ṣe fún ẹni tó bá ba iṣẹ́ kékeré jẹ́: wọ́n gbé ńlá lé e lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ńlá náà ni Ọ́fíìsì Ìrànwọ́ Ẹ̀kọ́. Lọ́dọọdún ni ìjọba ń ya owó sọ́tọ̀ fún ọmọ àwọn òbí tí ohun tó ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan. Wọn á fi san owó iléèwé, wọn á fi ra ìwé, wọn á fi rán aṣọ iléèwé, kí ọmọ agbálẹ̀ lè jókòó ti ọmọ adájọ́ lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Kí Gbankọgbì tó dé, obìnrin àgbà kan tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Fáìlì ló ń bójú tó o. Tábìlì kan ló ní, òǹtẹ̀ kan, àti fọ́ọ̀mù olójú ewé kan. Kí lorúkọ ọmọ? Iléèwé wo ni? Iṣẹ́ wo lòbí ń ṣe? Ẹnu mélòó ló ń jẹun nílé? Ó parí. Bí ọkàn rẹ̀ ò bá gba ìdáhùn kan, á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, á lọ wo ilé náà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe é bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yìn ín, èyí tó jẹ́ ẹ̀rí pé iṣẹ́ ń lọ déédéé.

Ní ọjọ́ tí Gbankọgbì wọlé, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó ní kí káfíńtà gbé àga òun gorí pèpéle kan, kí ẹnikẹ́ni tó bá wá bá òun sọ̀rọ̀ lè rí abẹ́ àgbọ̀n òun dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́," ó ní, "ẹ wò mí. Ẹ tún mi wò. Ohun tí ẹ ń wò yìí kì í ṣe ènìyàn lásán, ètò ni. Láti òní lọ, òṣì wọ gàù! N ó lé e kúrò nínú ilé, n ó lé e kúrò ní títì. Bó bá sá wọ ihò, n ó tọ̀ ọ́ wọ ihò!"

Igbákejì rẹ̀ fò dìde. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí ọrùn rẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń mì síwá-sẹ́yìn láìgbàṣẹ lọ́wọ́ orí. Òótọ́-lẹ-sọ ni wọ́n ń pè é, torí gbólóhùn yẹn ló là á já láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá mẹ́fà.

"Òótọ́ lẹ sọ, Ọ̀gá!" ó pariwo. "Òṣì tiẹ̀ ti gbọ́ ohùn yín níta. Mo rí i tó ń sá lọ!"

"O rí i?" Inú Gbankọgbì dùn débi pé ó gbàgbé láti wú.

"Pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, sà. Ẹ̀yìn ọgbà ló gbà."

Gbankọgbì ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Akọ̀wé sì kọ ọ́.

Ìyá Fáìlì dúró lẹ́yìn gbogbo wọn, ó di fáìlì mọ́ àyà. Ó ti sin ọ̀gá mẹ́rin kọjá nínú ilé yẹn, ó sì mọ̀ pé ọ̀gá tó bá ń pariwo lé òṣì lórí, àwọn òtòṣì ni etí wọn yóò kọ́kọ́ dí. Ṣùgbọ́n ó dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìjọba a máa mọ ìgbà tí ẹnu ń jẹ́ ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ kejì, ó gbé fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ fún ọ̀gá tuntun. Gbankọgbì fi ìka méjì gbé e sókè bí ẹni tó di ìrù òkú eku mú.

"Ewé kan ṣoṣo? Ṣé báyìí lo ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ìjọba?" Ẹ gbọ́ bó ṣe ń pè é ní "ìwọ", bẹ́ẹ̀ Ìyá Fáìlì ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, fọ́ọ̀mù ti di ewé mẹ́tàlélógún. Àwòrán Gbankọgbì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ewé kìíní ó dijú bí ẹni tó ń ronú nípa aráyé, ní ewé tó kẹ́yìn ó ti ń rẹ́rìn-ín, bóyá nítorí ojú tó ti rí lọ́nà. Ìbéèrè kẹsàn-án ní kí òbí sọ àìsàn tó pa bàbá tó bí bàbá rẹ̀ àgbà. Ìkẹrìnlá ní kí ó ya àwòrán òrùlé ilé rẹ̀ bí ẹyẹ ṣe ń rí i. Ìkejìlélógún ni orí gbogbo wọn: "Ní ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, ṣàlàyé bí inú rẹ ṣe dùn tó sí Ọ̀gá Àgbà. Bí ọgọ́rùn-ún kò bá tó, béèrè fún ewé mìíràn."

Ẹ má rò pé ó tán. Gbankọgbì ní ẹnu lásán kì í ṣe ẹ̀rí, pé òṣì gbọ́dọ̀ wá síwájú òun kí òun fojú ara òun rí i. Bí wọ́n ṣe fọ yàrá kan mọ́ lókè nìyẹn, tí wọ́n kọ "Yàrá Àyẹ̀wò Òṣì" sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, àwọn òbí á to láti ojú fèrèsé ìsàlẹ̀ títí dé orí àtẹ̀gùn, wọn á máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wọn aṣọ fún.

Bíríkìlà kan wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Gbankọgbì ní ẹni tó ní fóònù ní ẹni tó ń pè, ẹni tó ní ẹni tó ń pè kì í ṣe tálákà. Wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀: KÒ TÒṢÌ TÓ. Aláàárù tó gbọ́ èyí bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ níta, ó wọlé ní ẹsẹ̀ lásán. Gbankọgbì ní àrífín ni, pé ta ló ń fi ẹsẹ̀ ìdọ̀tí tẹ ilé ìjọba? KÒ TÒṢÌ TÓ. Opó kan tó jẹ́ agbálẹ̀ ojú títì rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó ń kí i. "Ẹ wò ó," Gbankọgbì ní, "òṣì kì í fi eyín hàn." Òótọ́-lẹ-sọ ní òótọ́ ni ọ̀gá sọ, pé òun náà ti ṣàkíyèsí rẹ̀ lára òṣì. KÒ TÒṢÌ TÓ.

Ìgbà tó yá ni ó kan obìnrin aránṣọ kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo ló ní, abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin kan ló gbé e sí. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló ṣe ipò kìíní nínú ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọjọ́ mẹ́rin ni ìyá àti ọmọ fi kọ fọ́ọ̀mù yẹn. Ọmọ ló ya òrùlé. Ó yà á dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí ibi tó ń jò fi hàn.

Gbankọgbì ṣí ibi ìbéèrè kejìlélógún ná. "Inú mi yóò dùn bí ọmọ mi bá wọ iléèwé," ó kà á jáde, ó sì ń fi ìka ka ọ̀rọ̀. "Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá! Àádọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ìdùnnú ìjọba dà?"

"Ẹ má bínú, sà," aránṣọ ní. "Iṣẹ́ ni kò fún mi láyè."

Gbankọgbì wo obìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ó sì lọ̀ dáadáa.

"Ta ló lọ aṣọ yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ wo ojú ìlà apá rẹ̀ bó ṣe mú bí abẹ. Òṣì tó mọ áyọ́ọ̀nù lò, òṣì wo nìyẹn?"

"Ọ̀gá, àjákù aṣọ àwọn oníbàárà ni mo so pọ̀ tí mo fi rán an. Aránṣọ ni mí. Bí mo bá wọ àkísà, ta ni yóò gbé aṣọ tirẹ̀ wá fún mi?"

"Òótọ́ lẹ sọ," Òótọ́-lẹ-sọ ti wí kó tó rántí pé kì í ṣe ọ̀gá ló sọ̀rọ̀. Ó yí i sí ikọ́. Ó wúkọ́ títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Gbankọgbì na ìka sí obìnrin náà. "Òṣì ní ń jẹ́ ta ní mọ̀ ọ́ rí. Bí mo ṣe ń wò ọ́ yìí, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́. Lọ sílé, kó o padà wá nígbà tó o bá jọ ohun tó o pe ara rẹ."

Ọmọbìnrin náà gbé ojú sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ká lọ yí nínú ẹrẹ̀ ká tó padà wá ni?"

Ìyá Fáìlì, tó jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀, tẹ orí ba kí wọ́n má rí ojú rẹ̀.

"Ọmọ yìí gbọ́n," Gbankọgbì wí, bí dókítà tó ń dárúkọ àrùn. "Òṣì kì í gbọ́n. Tó bá gbọ́n, kò ní tòṣì. Lù ú!"

Òǹtẹ̀ wúwo lọ́wọ́ Ìyá Fáìlì lọ́jọ́ náà bí ọmọ odó. Ó lù ú. Gbankọgbì fọwọ́ sí i, ìbúwọ́lùwé rẹ̀ sì gùn láti etí ewé kan dé ìkejì.

Aránṣọ kò sunkún. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Ẹ ṣé o, sà," ó ní. "Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo lówó. Ẹ jẹ́ kí n lọ wá ibi tí mo fi í pamọ́ sí."

Nígbà tí iléèwé wọlé, tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà wọ aṣọ tuntun kọjá níwájú ilé alájà mẹ́rin, abẹ́ àtẹ̀gùn ló wà tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn.

Ọdún ń parí lọ. Ìyá Fáìlì gbé iye rẹ̀ wá: nínú ẹgbàajì ó lé igba ọmọ tí òbí wọn kọ̀wé wá, méjìlá ló yege. Òbí mẹ́ta nínú wọn dákú níwájú Gbankọgbì, èyí tó wú u lórí. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù ló béèrè fún ewé mìíràn fún ìbéèrè kejìlélógún.

Òótọ́-lẹ-sọ fúnra rẹ̀ bẹ̀rù. "Ọ̀gá, ní èṣí, ẹgbẹ̀ẹ́dógún ọmọ ló gbà á. Bí wọ́n bá bi wá léèrè ńkọ́?"

Gbankọgbì rìn lọ sí ojú fèrèsé. Ó wo ìta. Ìmọ̀ ńlá kan já lu orí rẹ̀, orí náà sì gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀, torí ààyè wà níbẹ̀.

"Ẹ̀yin ò rí i ni?" ó kígbe. "Ẹgbẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n lọ́dún tó kọjá. Méjìlá péré ni wọ́n lọ́dún yìí. Mo ti ṣẹ́gun òṣì! Ọdún kan péré! Kọ ọ́, akọ̀wé, kọ ọ́ kí ó tó tutù: Òṣì ti tán!"

"Òótọ́ lẹ sọ!"

"Ọ̀gá," Ìyá Fáìlì wí jẹ́jẹ́, "ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ tún wá ń sọ pé kò sẹ́ni níta."

"Ìlara ń pa ọ́, obìnrin yìí," Gbankọgbì dá a lóhùn. "Láti òní lọ, má gòkè mọ́. Yàrá fáìlì ìsàlẹ̀ ni kó o wà. Máa bá mi ṣọ́ àwọn tí kò tòṣì tó."

Ó gbé tábìlì rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ó to fáìlì ẹgbàajì ó lé igba náà sórí pẹpẹ ní ẹsẹẹsẹ, àdúgbò sí àdúgbò, iléèwé sí iléèwé, bí ẹni pé ẹnìkan ń bọ̀ wá béèrè wọn.

Nílé, Gbankọgbì ka ìròyìn náà fún ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, bí obìnrin náà ṣe ń bọ́ bàtà ibi iṣẹ́. Ìyàwó gbọ́ ọ tán.

"Ọmọ mẹ́rìnlá ni mo wẹ ọgbẹ́ fún lọ́sẹ̀ yìí nìkan," ó ní. "Òkúta ni wọ́n ń fọ́, ní wákàtí tó yẹ kí wọ́n wà ní kíláàsì. Òṣì tí ẹ ní ẹ lé lọ yẹn, ọ̀dọ̀ wa ló sá wá."

"Àwọn wọ̀nyẹn ò sí nínú ìwé."

"Ẹ̀jẹ̀ wọn wà lára aṣọ mi," ìyàwó ní, ó sì lọ fọ̀ ọ́.

Ìròyìn lọ. Rédíò gbé e. Wọ́n ta aṣọ gbọọrọ kan mọ́ ojú ọ́fíìsì: A TI ṢẸ́GUN ÒṢÌ. Kò pẹ́ ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ Mínísítà pé òun ń bọ̀ wá fojú rí iṣẹ́ ribiribi náà, àti pé òun yóò "ṣe ìpinnu tó yẹ" níbẹ̀. Kí ni ìwọ, tí o ń ka èyí, yóò rò pé ìpinnu tó yẹ jẹ́? Àmì ẹ̀yẹ ni Gbankọgbì rò. Ó ti ní kí wọ́n lu ihò sí àyà kọ́tù òun kí abẹ́rẹ́ àmì náà má bàa ṣòro gún. Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìbẹ̀wò, ó rí i pé èrò ṣì to sójú fèrèsé, torí ìròyìn pé òṣì ti tán kò tíì kan àwọn òtòṣì lára. Ó ní kí ẹ̀ṣọ́ kó wọn lọ sẹ́yìn ilé. "Ẹ má jẹ́ kí Mínísítà rí wọn. Wọ́n á ba ìṣẹ́gun jẹ́."

Mínísítà dé. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, tó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kó tó bọ́ sí ìṣèlú. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í bínú. Ó kàn máa ń pín nǹkan sí ọ̀nà ni. Òótọ́-lẹ-sọ fi ogójì ìṣẹ́jú ka oríkì ọ̀gá rẹ̀. Àwọn ọmọ méjìlá náà kọrin ọpẹ́. Lẹ́yìn náà ni Gbankọgbì dìde.

"Ọlọ́lá jùlọ! Òṣì dúró, èmi náà dúró. Òṣì wò mí lójú, mo wò ó lójú. Òṣì ní, 'Ṣé ìwọ ni?' Mo ní, 'Èmi ni.' Ó sì sá!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mínísítà dúró kí ariwo rọlẹ̀.

"Ọ̀gá Àgbà, mo ti ka ìròyìn yín lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tálákà mélòó ló kù?"

"Méjìlá géérégé, Ọlọ́lá! Àwọn nìyí."

"Òṣìṣẹ́ yín ńkọ́?"

"Mẹ́rìndínlógójì, akíkanjú ni wọ́n."

"Òṣìṣẹ́ mẹ́ta fún ọmọ kan." Mínísítà kọ ọ́ sílẹ̀. "Ọkọ̀ ìjọba?"

"Mẹ́rin, Ọlọ́lá."

"Ọmọ mẹ́ta fún ọkọ̀ kan." Ó kọ ìyẹn náà. "Ó dáa. Ẹni tí wọ́n bá gbà pé kó wá gbálẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìgbálẹ̀ ló ń gbé jù sílẹ̀. Òṣì ti tán, nítorí náà iṣẹ́ ọ́fíìsì yìí ti parí. Ìparí oṣù ni a ó tì í pa. Àwọn méjìlá yìí, iléèwé wọn á bójú tó wọn. Ìjọba dúpẹ́, Ọ̀gá Àgbà. Ẹ lọ sinmi."

Gbankọgbì ti na àyà síwájú. Ọwọ́ lásán ni Mínísítà nà sí i. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ihò kọ́tù rẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wọ̀ ọ́ létí.

"Ọlọ́lá, ẹ dúró! Òṣì... òṣì ṣì kù díẹ̀!"

"Mélòó?"

"Ó pọ̀! Ó pọ̀ bí iyanrìn! Ẹ wá, ẹ wá wo ẹ̀yìn ilé!"

Ẹnu tó ti ṣẹ́gun òṣì ní aago mẹ́wàá ló ń bẹ̀bẹ̀ fún òṣì ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó fa Mínísítà lọ sójú fèrèsé ẹ̀yìn. Bíríkìlà wà níbẹ̀, aláàárù wà níbẹ̀, opó agbálẹ̀ náà dúró ti ògiri.

"Ẹ wò wọ́n! Ẹ wo bàtà ẹni yẹn! Òtòṣì pọ́ńbélé ni gbogbo wọn, mo fi orí mi búra!"

Agbálẹ̀ gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀, kò lè mú un mọ́ra. "Ẹ bá mi yọ̀ o!" ó ké sí àwọn tó kù. "Òṣì mi ti tó!"

Mínísítà kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ẹni tí ìwé àwọn ènìyàn yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀. Ìyá Fáìlì gòkè wá, ó ní kí wọ́n bá òun gbé fáìlì, wọ́n sì ń gbé e títí tábìlì fi kún, tí wọ́n wá ń tò ó sílẹ̀. Mínísítà ṣí ọ̀kan. Ó ṣí òmíràn. Ó ṣí ogún. KÒ TÒṢÌ TÓ, KÒ TÒṢÌ TÓ, àti ìbúwọ́lùwé tó gùn láti etí dé etí.

"Ọ̀gá Àgbà," ó ní, "ìwé méjì ló wà níwájú mi, ìròyìn yín àti àwọn fáìlì yìí. Ọwọ́ yín ló wà lórí méjèèjì. Bí ìròyìn yín bá jẹ́ òótọ́, a ò nílò yín mọ́. Bó bá jẹ́ irọ́, ẹ̀yin lẹ lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ kúrò níléèwé. Èwo ni ká mú?"

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Gbankọgbì yíjú sí igbákejì rẹ̀. "Sọ fún wọn!"

Òótọ́-lẹ-sọ wo ọ̀gá rẹ̀. Ó wo Mínísítà. Ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ibòmíràn ló kọjú sí.

"Òótọ́ lẹ sọ," ó ní, "Ọlọ́lá."

Gbankọgbì fi ohùn tó kéré jù lọ tó ti lò láti ìgbà tí wọ́n ti bí i sọ̀rọ̀. "Ọwọ́ mi ló fọwọ́ sí i, Ọlọ́lá. Orí mi ò sí níbẹ̀."

"Ó hàn bẹ́ẹ̀," Mínísítà wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n yọ ọ́ bí ẹni yọ jìgá. Ọ́fíìsì kò tì mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ta ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n fọ́n òṣìṣẹ́ ká, wọ́n sì gbé tábìlì Ìyá Fáìlì padà sókè pẹ̀lú fọ́ọ̀mù rẹ̀ olójú ewé kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Gbankọgbì fẹ́ jáde láìní dírẹ́ẹ́bà, ó dúró ní ibùdókọ̀ láti àárọ̀, ọkọ̀ mẹ́ta sì kọjá lára rẹ̀. Kò mọ̀ pé ènìyàn máa ń nawọ́ sí ọkọ̀ ni. Ó rò pé wọ́n á dá òun mọ̀.

Ó yẹ kí n dá ọ̀rọ̀ dúró síbí, ká rẹ́rìn-ín, ká túká. Ṣùgbọ́n táámù méjì ti lọ, kò sì sí mínísítà tó lè fi ìwé dá táámù padà. Ìyá Fáìlì kọ lẹ́tà sí gbogbo ilé. Lẹ́tà tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ló padà wá bá a láìṣí. Àwọn kan ti kó lọ. Àwọn kan ti wọ ẹnu iṣẹ́ tí kò jẹ́ kí wọ́n jáde mọ́. Ó kó àwọn lẹ́tà náà sínú àpò, ó wọ bàtà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn ní ọ̀sán ọ̀sán.

Bó ṣe dé abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin nìyẹn. Ẹ̀rọ ń lọ kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Ọmọbìnrin náà jókòó sórí àpótí, òkìtì ṣẹ́ẹ̀tì níwájú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," Ìyá Fáìlì ní. "Ẹ má bínú sí mi. Ọwọ́ mi ló lu òǹtẹ̀ yẹn."

Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó wo obìnrin àgbà náà pẹ́. "Ẹ jókòó, Ìyá," ó wí níkẹyìn. "Òòrùn mú lóde."

Ìyá Fáìlì na fọ́ọ̀mù sí ọmọ náà. Ọmọ náà kò gbà á.

"Àwọn ẹgbẹ́ mi ti lọ jìnnà," ó ní. "Ta ni yóò sì máa bá màmá mi rán bọ́tìnnì?"

"Ọwọ́ mi," ìyá rẹ̀ dáhùn.

"Ọwọ́ yín ń dùn yín, màmá."

"Tèmi ló ń dùn, kì í ṣe tìẹ. Gba ìwé lọ́wọ́ àgbà."

Ọmọbìnrin náà fi abẹ́rẹ́ gún ẹ̀gbẹ́ aṣọ kí ó má bàa sọnù, ó gba bírò, ó tẹ fọ́ọ̀mù lé orúnkún. Ọwọ́ tó ti fi oṣù méje di abẹ́rẹ́ mú kò rántí bírò mọ́ dáadáa. Lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹ̀, ìkejì gun orí ìlà. Ó gbé ìwé náà jìnnà sí ojú, ó wò ó, ó pa etí ìwé náà méjèèjì pọ̀, ó ká a.

"Èyí ò dáa," ó ní. "Ẹ fún mi ní òmíràn, mà."

Ìyá Fáìlì kọwọ́ bọ àpò, ó fún un ní òmíràn.